Obìnrin Nílé Ọkọ Nínú Àwọn Eré Onítàn Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìnilára

Àwọn eré onítàn wo ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé?

Àwọn eré tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà, tí àwọn ènìyàn ṣì ń kà, tí wọ́n sì ń ṣe lórí ìtàgé káàkiri ayé títí di òní, ni a ní lọ́kàn. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ni Medea, tí Euripides gbé jáde ní ìlú Áténì ní ọdún 431 ṣáájú ìbí Jésù. Èyí tí ó kéré jù ni Trifles, tí Susan Glaspell kọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1916. Láàárín méjèèjì ni a ti rí Shakespeare ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alexander Ostrovsky ti Rọ́ṣíà àti Henrik Ibsen ti Nọ́wè. Ibsen ni a ó dúró tì pẹ́ jù, nítorí pé kò sí èyí tí ó tú ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ tó o.

Ṣé nínà àti lílù ni ìnilára tí àwọn eré wọ̀nyí ń fi hàn?

Lílù kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ bí ènìyàn ṣe lè rò. Othello, nínú eré Shakespeare tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lu Desdemona aya rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì pa á níkẹyìn, ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó pọ̀ jù, ọkọ kì í gbé ọwọ́ sókè sí aya rẹ̀ rárá. Ohun tí a ń rí ni òfin, owó àti ìwé: ta ni ó lè buwọ́ lùwé, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà, àpò ta ni owó tí obìnrin bá mú wọ ilé ọkọ yóò bọ́ sí, ta ni yóò gba àwọn ọmọ bí ìgbéyàwó bá tú. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ń wá ọkọ burúkú kiri inú àwọn eré yìí yóò gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá, nítorí pé ọkọ tí kò burú pàápàá lè ni aya rẹ̀ lára bí òfin bá ti kó gbogbo àṣẹ lé e lọ́wọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Kí ni Medea sọ tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́ka sí i títí di òní?

Medea fi bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Jason, ó bí ọmọkùnrin méjì fún un, àfi bí Jason ṣe gbéra tí ó lọ fẹ́ ọmọbìnrin ọba Kọ́ríńtì. Inú ilé ni Medea ti sunkún tí ó ti gégùn-ún. Nígbà tí ó jáde sí iwájú àwọn obìnrin ìlú náà, àlàyé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ó ní nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí ó ní làákàyè, obìnrin ni ìyà ń jẹ jù. Ó ní òbítíbitì owó ni àwọn fi ń ra ọkọ, nítorí pé ní ilẹ̀ Gíríìsì ìgbà náà, bàbá ọmọbìnrin ni ó ń kó dúkìá fún ọkọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹni tí wọ́n fi owó rà yóò wá di olúwa lórí ara wọn. Obìnrin kò mọ̀ bóyá rere ni ọkọ tàbí búburú títí yóò fi bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí orúkọ tirẹ̀ má bàjẹ́. Bí ilé bá sú ọkùnrin, yóò jáde lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀; obìnrin ní láti máa wo ojú ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin a sì tún máa sọ pé obìnrin ń gbé ilé ní àlàáfíà nígbà tí àwọn ń lọ sójú ogun. Medea ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun gbé apata lójú ogun lẹ́ẹ̀mẹta ju kí òun rọbí lẹ́ẹ̀kan lọ.

Àwọn òǹwòran tí wọ́n jókòó ní Áténì mọ̀ pé òfin tiwọn ni obìnrin àjèjì yìí ń kà sí wọn létí. Abẹ́ alágbàtọ́ ọkùnrin ni obìnrin Áténì ń wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀: bàbá ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọkọ, bí ọkọ bá sì kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tàbí ìbátan mìíràn. Bí ìgbéyàwó bá tú, dúkìá tí ó bá a wá gbọ́dọ̀ bá a padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, èyí sì jẹ́ ààbò gidi. Ṣùgbọ́n Medea kò ní ènìyàn kankan láti padà sí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pa arákùnrin rẹ̀ nígbà tí ó ń sá tẹ̀lé Jason. Láti ọdún 451 ṣáájú ìbí Jésù ni Áténì sì ti ṣòfin pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ àjèjì kò lè di ọmọ onílùú. Kọ́ríńtì ni eré náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òǹwòran tí kò ní mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí ọkùnrin já irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ jù sílẹ̀.

Medea pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣé a ṣì lè pè é ní ẹni tí wọ́n ni lára?

A lè pè é bẹ́ẹ̀. Euripides kò jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì rẹ́: ìwà Medea burú jáì, ohun tí wọ́n ṣe sí i náà sì burú. Ẹni tí wọ́n ni lára kò di ẹni mímọ́ nítorí ìyẹn. Ẹ tún gbọ́ ohun tí Jason sọ, pé ìbá dára bí ènìyàn bá lè máa bímọ láti ibòmíràn kí obìnrin má sì sí láyé rárá. Ọkùnrin tí kò rí ìwúlò obìnrin ju ọmọ lọ ni Medea gba ọmọ mọ́ lọ́wọ́. Ipò kẹta ni wọ́n fi eré náà sí nínú ìdíje eré tí wọ́n ṣe ní Áténì ní ọdún yẹn.

Awàdà ni The Taming of the Shrew tí Shakespeare kọ. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ìnilára?

Awàdà ni lóòótọ́, ẹ̀rín sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Petruchio, ọkùnrin tí ó fẹ́ Katherina níbẹ̀, kò fi bò pé owó ni òun bá wá sí ìlú Padua. Bàbá Katherina ṣèlérí 20,000 owó crown fún un, pẹ̀lú ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ikú, kí Petruchio àti ọmọbìnrin náà tó fojú kan ara wọn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, kò nà án. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ń da oúnjẹ nù níwájú rẹ̀, ó ní ó ti jóná, ó sì ń tú ibùsùn ká kí aya rẹ̀ má baà rí oorun sùn, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìfẹ́ ni òun fi ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni ó ti kéde pé Katherina ni ẹrù òun, ilé òun, oko òun, abà òun, ẹṣin òun, màlúù òun, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun.

Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tí ó kà sílẹ̀ yẹn kò jìnnà sí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, níbi tí owó àti ẹrù obìnrin ti ń di ti ọkọ ní kété tí wọ́n bá ti so wọ́n pọ̀. Òfin ọdún 1870 àti ti 1882 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú ìdè yẹn. Ní ìparí, Katherina sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan pé kí aya máa tẹríba fún ọkọ. Àwọn òṣèré kan ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kú, àwọn mìíràn ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ láìjẹ́ kí ó mọ̀. Èmi kò rò pé àwọn ará ìgbà Shakespeare pàápàá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, nítorí pé John Fletcher kọ eré mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, nínú èyí tí Petruchio fẹ́ ìyàwó kejì, tí ìyàwó náà sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin tí kò ṣe àwàdà nínú iṣẹ́ Shakespeare, ẹ lọ sọ́dọ̀ Emilia nínú Othello. Nígbà tí Iago ọkọ rẹ̀ pàṣẹ pé kí ó máa lọ sílé, ó ní ó tọ́ kí òun gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí. Bóyá òun kò tilẹ̀ ní padà délé mọ́. Iago gún un pa.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Nora inú A Doll's House ni gbogbo ènìyàn máa ń mẹ́nu bà?

Nítorí pé ilé tí gbogbo nǹkan ti ń lọ dáadáa ni Ibsen mú wa wọ̀: ọkọ níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ọmọ mẹ́ta ń ṣeré, wọ́n ń múra ọdún Kérésìmesì. Copenhagen ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1879. Nora wọlé láti ibi tí ó ti lọ rajà. Ó yọ ìpápánu dídùn láti inú àpò rẹ̀, ó jẹ ẹyọ kan tàbí méjì, ó yọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ láti tẹ́tí. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọkọ ń bọ̀, ó sáré ti ìpápánu bọ àpò, ó nu ẹnu. Torvald, ọkọ náà, ti kà á léèwọ̀ fún un kí eyín rẹ̀ má baà bàjẹ́. Nígbà tí Torvald sì bi í bóyá ó yà níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan dídùn, ó sẹ́ kanlẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju eje lọ. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ń parọ́ bí ọmọdé, nítorí pé bí ọmọdé ni wọ́n ti ń ṣe é láti ilé bàbá rẹ̀ dé ilé ọkọ.

Irọ́ tí ó tóbi ju ìyẹn wà nílẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Torvald ṣàìsàn, àwọn dókítà sì ní bí kò bá lọ sí ilẹ̀ tí ó móoru, ikú ni. Nora yá owó tí wọ́n fi lọ sí Ítálì, ó sì sọ fún ọkọ pé bàbá òun ni ó fún òun. Aya kò gbọdọ̀ yá owó láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹni tí ó yá a lówó, Krogstad, ní kí bàbá rẹ̀ buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Bàbá náà wà lórí àìsàn ikú, Nora kò fẹ́ da ọkàn rẹ̀ láàmú, ó bá a kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ni ó wà lórí ìwé náà; ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ni bàbá rẹ̀ kú. Ọjọ́ mẹ́ta yìí ni Krogstad wá fi halẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà náà wá ni Nora ti ń ṣẹ́ owó aṣọ kù láti fi san gbèsè, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí lálẹ́ láti máa ṣe àdàkọ ìwé fún owó. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó rẹ òun, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ òun nínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé òun jẹ́ ọkùnrin.

Torvald kì í na Nora, ó ń fún un lówó, ó ń kẹ́ ẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó ṣẹ̀?

Ẹ wo àpótí lẹ́tà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà Krogstad tí yóò tú àṣírí Nora wà nínú rẹ̀, a ń rí i láti inú gíláàsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ Torvald nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìkótí Nora ti kán sínú ihò kọ́kọ́rọ́ náà nígbà kan. Àwọn ọmọ ni ó dá a lé lórí. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí ìnilára nínú ilé náà, kódà Nora pàápàá kò kà á sí. Owó tí Torvald ń fún un, bí ẹni fún ọmọ lówó ìpápánu ni, ìbéèrè sì ń tẹ̀lé e. Orúkọ tí ó ń fi pè é jẹ́ ti ẹyẹ àti ti ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì dun etí gbọ́ títí di ọjọ́ tí ó ka lẹ́tà náà. Ní ọjọ́ yẹn, ó pè é ní òpùrọ́ àti ọ̀daràn, ó ní yóò máa gbé ilé kí àwọn ará ìta má baà fura, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan ọmọ títọ́ mọ́.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni Krogstad dá ìwé gbèsè náà padà. Torvald pariwo pé òun ti bọ́. Nora bi í pé, “Èmi ńkọ́?” Torvald ní ìwọ náà, dájúdájú. Kò sí ìgbà tí mo kà á tí ibi yìí kì í dá mi dúró. Nora kò tíì pinnu láti lọ títí di ìgbà tí ó rí i pé ọkọ òun ti darí jì òun, ara sì ti tù ú, bí ẹni pé ìdáríjì náà ni ìṣòro ti parí sí. Torvald ní kò sí ọkùnrin tí yóò fi iyì rẹ̀ tọrẹ nítorí ẹni tí ó fẹ́ràn. Nora ní àìmọye obìnrin ti ṣe é.

Ṣé irú ìtàn Nora ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan rí?

Ó ṣẹlẹ̀ sí Laura Kieler, òǹkọ̀wé obìnrin kan tí Ibsen mọ̀ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, Laura yá owó ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè gbé e lọ sí ilẹ̀ tí ó móoru, ara ọkọ sì yá. Nígbà tí gbèsè há a mọ́, ó kọ ìwé kan, ó bẹ Ibsen pé kí ó bá òun fi lọ àwọn atẹ̀wé. Ibsen kọ̀. Laura gbìyànjú ayédèrú ìwé owó; àṣírí tú, ọkọ rẹ̀ sì ṣe é bí ọ̀daràn, ó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Nígbà tí ó yá, ó padà sílé ọkọ náà. Ẹni tí ó bá ń yin Ibsen, bí èmi náà ṣe ń yìn ín, kò yẹ kí ó fo ibi yìí: obìnrin tí Ibsen fi ìyà rẹ̀ kọ eré tí ó lókìkí jù ni Ibsen yí ẹ̀yìn sí nígbà tí obìnrin náà nílò ìrànlọ́wọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n yí ìparí eré náà padà?

Òótọ́ ni. Nora fi ilé sílẹ̀, a sì gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tí ó pa dé. Ní Jámánì ní ọdún 1880, òṣèré obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Hedwig Niemann-Raabe ní òun kò ní ṣe é bẹ́ẹ̀, pé òun kò lè fi ọmọ òun sílẹ̀ láé. Òfin kò dáàbò bo iṣẹ́ Ibsen níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣe é bí ó ṣe wù ú, nítorí náà Ibsen kọ ìparí mìíràn fúnra rẹ̀: Torvald fà á dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí àwọn ọmọ ti ń sùn, Nora sì wó lulẹ̀ síbẹ̀. Ibsen pe ìparí yìí ní ìwà òǹrorò sí eré náà.

Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí Nora bá dúró?

Ghosts, tí Ibsen tẹ̀ jáde ní ọdún 1881, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ìyáàfin Alving sá kúrò nílé ọkọ oníṣekúṣe lẹ́yìn bí ọdún kan, ó sì sá tọ Pásítọ̀ Manders lọ. Pásítọ̀ ní ojúṣe aya ni kí ó padà. Ó padà. Ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bo ìwà ọkọ mọ́lẹ̀, ó rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí òkèèrè láti kékeré kí ó má baà rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó sì gba ọmọ tí ọkọ rẹ̀ bí fún ìránṣẹ́ sínú ilé. Lẹ́yìn ikú ọkọ, iye owó tí ó mú kí wọ́n ka ọkọ náà sí ẹni tí ó yẹ láti fẹ́ ni ó fi kọ́ ilé fún àwọn ọmọ aláìlóbìí, kí ọmọ òun má baà jogún kọ́bọ̀ kan lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ilé náà jóná, kò sì ní ìbánigbófò, nítorí pé Pásítọ̀ yìí kan náà ni ó ní kí wọ́n má ṣe é. Ọmọ náà sì ti jogún àrùn bàbá rẹ̀. Àwọn ilé eré ńlá ní ilẹ̀ Ibsen àti agbègbè rẹ̀ kọ̀ láti ṣe eré náà. Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1882.

Ṣé ọkọ nìkan ni ó máa ń ni obìnrin lára nínú àwọn eré yìí?

Rárá o. Nínú The Storm, tí Ostrovsky gbé jáde ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1859, ìyá ọkọ ni. Nígbà tí Tikhon fẹ́ rin ìrìn-àjò, ìyá rẹ̀, Kabanova, mú kí ó dúró níwájú Katerina, kí ó sì máa tún àṣẹ pa bí òun ṣe ń pè é: pé kí aya má ṣe fojú di ìyá ọkọ, kí ó má yọjú lójú fèrèsé, kí ó má wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Ojú ń ti ọkọ bí ó ti ń sọ ọ́. Katerina dì mọ́ ọkọ láti dágbére, Kabanova bá a wí pé kí ó wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ ọkọ. Katerina kú sínú odò Volga níkẹyìn. Tikhon sì wá rí ohùn sọ fún ìyá rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn pé ìyá náà ni ó pa Katerina.

Kí ni ẹyẹ tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ nínú Trifles?

Wọ́n bá àgbẹ̀ kan, John Wright, lórí ibùsùn pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Minnie, ìyàwó rẹ̀, wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀gá ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò ìjọba àti aládùúgbò kan ń tú ilé wá ìdí tí obìnrin náà ì bá fi pa ọkọ rẹ̀. Ìyàwó méjì nínú ìyàwó wọn tẹ̀ lé wọn láti kó aṣọ fún Minnie, wọ́n sì jókòó sí ilé ìdáná. Àwọn ọkùnrin ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé nǹkan yẹpẹrẹ ni obìnrin máa ń bìkítà fún. Nínú ilé ìdáná yẹn ni wọ́n ti rí i pé aṣọ alábùlẹ̀ tí Minnie ń rán ń lọ geere, àfi apá kan tí abẹ́rẹ́ ti ṣìnà. Wọ́n rí àgò ẹyẹ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ya. Nínú àpótí kékeré kan, wọ́n rí ẹyẹ náà, tí a fi aṣọ sílíìkì wé, tí ẹnì kan ti lọ́ ọ lọ́rùn. Minnie ti máa ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kí ó tó wọlé ọkọ. Àwọn obìnrin náà kò sọ nǹkan kan fún àwọn ọkùnrin wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti àpótí náà bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Glaspell ti jẹ́ akọ̀ròyìn ní ìpínlẹ̀ Iowa, ó sì ti kọ ìròyìn ẹjọ́ gidi kan tí ó jọ èyí, ti Margaret Hossack, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa ọkọ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1900. Ní ìgbà náà, obìnrin kò lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Iowa.

Ọkùnrin ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù. Ṣé a lè gbára lé ohun tí wọ́n sọ?

Ní Áténì, ọkùnrin ni ó kọ ọ̀rọ̀ Medea, ọkùnrin ni ó wọṣọ obìnrin láti sọ ọ́. Ní ìgbà Shakespeare náà, àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n ń ṣe Desdemona. Èyí kò sọ ọ̀rọ̀ náà di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ojú sílẹ̀ wo ohun tí wọ́n rí àti ohun tí ó ṣòro fún wọn láti rí. Ó hàn sí mi pé kò sí ọkùnrin kan nínú wọn tí ó kọ nǹkan bí ìránṣọ tí ó ṣìnà nínú Trifles. Ibsen fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe aṣíwájú: nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nọ́wè ṣe àlejò rẹ̀ ní ọdún 1898, ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹ̀tọ́ obìnrin, pé ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn lápapọ̀ ni òun kọ.

Ṣé àwọn eré yìí yí òfin kankan padà?

Eré kì í dìbò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1884, Ibsen àti àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ní Nọ́wè buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin pé kí wọ́n fún obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ní ẹ̀tọ́ sí dúkìá tirẹ̀. Òfin ọdún 1888 fún un láṣẹ lórí owó tí ó bá fi iṣẹ́ ara rẹ̀ rí. Bí òfin náà bá ti wà nígbà tí Nora ń ṣe àdàkọ lóru, owó náà ì bá jẹ́ tirẹ̀ lójú òfin.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Trifles, nítorí pé kò gùn, ó sì máa ń kọ́ ojú ní bí a ṣe ń wo nǹkan kéékèèké. Lẹ́yìn rẹ̀ ni A Doll's House, kí ẹ sì fi sùúrù ka apá àkọ́kọ́. Ghosts ni kí ó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ Medea sí àwọn obìnrin Kọ́ríńtì dára láti kà sókè. Ní ti The Taming of the Shrew, ẹ lọ wò ó lórí ìtàgé bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì wò ó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré méjì, nítorí pé ìwé kò lè sọ fún yín irú ojú tí Katherina fi ń wo Petruchio nígbà tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yẹn.